Ohun Tí Mo Dì Mọ́ Ẹrù Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ ń dùn mí. Ọ̀gá ọmọ ọmọ mi fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò bìkítà. Irọ́ ni. Èmi ìyá ìyá rẹ̀ ni mo ṣẹ̀, òun ló gba ẹ̀bi náà mọ́ra. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà gan-an ni mo wọ́ orí ọmọ.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Nígbà tí mo dé Niu Yọ́ọ̀kì, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe títí orúnkún mi fi kọ̀, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Laurelton. Tọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀, inú yàrá ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti òwúrọ̀ ni á ti máa wo kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú pátákó kéékèèké méjì, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò, tí wáyà kún ara wọn níwájú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí ń ṣeré ni.

Ìgbà tó ṣàlàyé fún mi ni ẹnu yà mí. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó ń ka èémí aláìsàn, irú èyí tí mo máa ń rí lẹ́bàá ibùsùn àwọn arúgbó mi. Nínú kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà, ohun kan tí wọ́n ń pè ní dírẹ́bà, ìyẹn àṣẹ tí àwọn bíi Tọ́pẹ́ ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ló ń bá ohun tó ń ka èémí náà sọ̀rọ̀. Pátákó ti àtijọ́, wáyà méjì ni gbogbo ẹ̀yà jọ ń lò, a ó pe nọ́ńbà ẹni tí a fẹ́ kó tó dáhùn. Tuntun tó dé, wáyà mẹ́rin ni, ọ̀kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kó fọwọ́ kan ẹni tí a ń bá wí. Dírẹ́bà àtijọ́ kò sì mọ̀ ju ọ̀nà wáyà méjì lọ. Tọ́pẹ́ kò kọ òmíràn, ó ní bí àṣìṣe bá wà, ibi méjì ni òun yóò máa tún ṣe. Ńṣe ló ń fa ọ̀rọ̀ ọ̀nà yọ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi ìmọ̀ èémí nìkan sílẹ̀, tó wá ṣí ilẹ̀kùn méjì sí i. Mo bi í pé ṣé ẹnì kan náà ni yóò máa gbọ́ ti ọ̀nà méjèèjì.

“Ẹnì kan náà ni, Màmá. Kò tiẹ̀ ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé.”

Ta ló kọ́ ọmọ yìí? Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n!

Lọ́jọ́ tí pátákó tuntun ṣiṣẹ́, a jó. Mo wá rò ó pé tuntun ti dé, ti àtijọ́ ti parí. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í da nǹkan nù. Èyí tó bá parí níhìn-ín, ilé ló ń lọ. Mo ń di dúrọ́ọ̀mù ẹrù lọ́wọ́ fún Múfú, ọmọ àbúrò mi tó ń tún rédíò ṣe l'Abẹ́òkúta. Tọ́pẹ́ jáde, mo fi gèlè wé pátákó àtijọ́, mo tì í sáàárín agolo mílíìkì. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Soundview wá gbé dúrọ́ọ̀mù náà lọ.

Àfi bí Tọ́pẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó ní tuntun tó ṣiṣẹ́, ìdajì ni. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò ba ti àtijọ́ jẹ́, torí àwọn aláìsàn ṣì ń lò ó, pátákó yẹn nìkan ló sì kù lọ́wọ́ òun. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ojú tì mí. Mo bá a wá a. Mo gbé àga, mo wo abẹ́ rẹ̀, èmi tí mo mọ̀ pé ó wà lórí òkun! Ọjọ́ mẹ́jọ. Ìgbà tó ń sunkún ni mo jẹ́wọ́. Ó nu ojú rẹ̀.

“Kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù ló dùn mí, Màmá. Bí ẹ ṣe ń bá mi wá a ló dùn mí.”

Ó wá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun lòun ṣèèṣì dì í mọ́ ẹrù tó ń lọ sílé. Ọ̀gá ní òun yóò dúró de ẹrù náà, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ yẹn. Ó fi ìwé ìkìlọ̀ lé e.

Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù gúnlẹ̀, Múfú pè wá lórí fídíò. Ó ní òun ti ń rò ó pé ọbẹ̀ wo ni Màmá fẹ́ kí òun fi pátákó yìí sè. Tọ́pẹ́ ní kó so ó mọ́ intanẹ́ẹ̀tì, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti orí tábìlì wa, ó ní kí Múfú fi rọ́bà tó wà lára pátákó náà sẹ́nu kó máa mí. Ìlà kan gòkè lójú kọ̀ǹpútà, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Èémí ọmọ àbúrò mi l'Abẹ́òkúta ni mò ń wò ní Laurelton! N kò gbà á gbọ́, mo ní kó séèémí. Ìlà sùn sílẹ̀ gbọnrangandan.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n mí o.”

Ìlà tún dìde. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, orúnkún tó ń dùn mí kò dùn mí mọ́.

Wọ́n tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ tí Tọ́pẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ìwé ìkìlọ̀ ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀, ó lè dí ìgbéga rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ìyá ìyá òun ṣẹ̀sín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Nísinsìnyí tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n dákẹ́, ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀ ni, àbí kí n wá ọ̀gá yẹn lọ?