Ìyá Asma Kò Kú

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Odomẹta, ẹ wá ibi jókòó sí kí Asma tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Èmi Mùnírù tí ẹ mọ̀ sí tísà Ìdìgní, èmi tí ẹ jáde wá pàdé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo ti Kútọnu dé, mo pa ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Asma. Mi ò fi ọ̀bẹ pa wọ́n, mi ò sì fi oògùn pa wọ́n. Bírò ni mo fi pa wọ́n, inú ìwé ni mo sì pa wọ́n sí. Àwọn náà ló jókòó láàárín yín yẹn, tí ọwọ́ wọn ṣì ń rùn fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó láàárọ̀. Oṣù méje ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ filosofí ní fásitì ní Kútọnu. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà náà, ẹ ní kí ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin fẹ́ fi ẹ̀kọ́ nípa èrò ṣe láàárín oko àgbàdo. Ìyá Asma nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, àwọn ló kúrò nílé ìwé kí èmi lè wọlé. Wọ́n ní, "Máa lọ, àbúrò mi. Ohun tó bá ń wù ọ́ láti mọ̀, lọ mọ̀ ọ́n wá." Ní Kútọnu, àwọn ọmọ tí mo lè bí ni mò ń bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Pápá ni wọ́n ń pè mí, iwájú ni wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún mi, bíi pé etí mi ti di. Mo ka èrò àwọn ará Gíríìsì, mo ka ti àwọn ará Faransé, mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé, "Pápá, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lèrò tìrẹ?" n kì í rí nǹkan kan sọ. Ó ń dùn mí wọnú eegun. Mo pe ìyẹn ní ebi ìmọ̀ nígbà náà. Irọ́ ni, ìgbéraga ni.

Ní ìsinmi ọdún kẹrin, mo wálé. Mo jókòó ti Ìyá Asma, à ń bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ Gaston aládùúgbò wa ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lòún fa pèrègún ààlà oko tu, tí òún sì rì í mọ́nú oko ẹlòmíì. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń sẹ́. Mo ní, kí ló mú kí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣòro sọ? Ìyá Asma ò gbójú sókè lára ọ̀bẹ. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o kàwé, ṣé o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí fúnra rẹ̀? Jẹ́wọ́. Bí mo bá pè ọ́, ṣebí o máa ń jẹ́ mi? Ọwọ́ náà ń pe ẹni tó ni ín. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe, ibẹ̀ ló dúró sí, orúkọ rẹ ló ń pè. Kò ní pe orúkọ ẹlòmíì. O lè ṣe bíi pé o ò gbọ́. Ọjọ́ tí o bá wí pé, 'Èmi rè é,' ọjọ́ náà lo jẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìjìyà kọ́ ni Gaston ń sá fún lọ́dún méjèèjì yẹn. Ìpè yẹn ni kò fẹ́ jẹ́."

Mo gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo yọ fóònù láti gba ohùn wọn sílẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un sọ, wọ́n sì fi òmíràn kún un títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí. Ohun tí mo wá lọ́dún mẹ́rin ní Kútọnu, orí àpótí ìjókòó ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti bá a.

Òun ni mo fi kọ ìwé àṣekágbá mi. Mo kọ ọ́ bíi pé inú orí tèmi ló ti wá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sidonie tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kà á, ó wò mí títí. Ó ní, "Ta ló sọ èyí fún ọ?" Mo ní àgbà kan ni nílé wa. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Nígbà náà, èrò rẹ̀ ni. Ẹ ó jọ fi orúkọ síwájú ìwé. Mú un wá kó tẹ ìka sí i." Inú tèmi ò dùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Judicaël, ọmọ kíláàsì mi tó ń pè mí ní Fòfó, bí àwọn ará Kútọnu ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Fòfó, òkú ò lè tẹ ìka. Kọ ọ́ pé ó ti kú, kí o sì fún un ní ìlà kan." Mo bú u. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ ọ́. Orúkọ Ìyá Asma gan-an ni mo kọ: mo ní gbólóhùn kan ṣoṣo ni olóògbé Bàlíkìsì, obìnrin àgbẹ̀ kan ní Odomẹta, sọ kó tó kú, pé èmi ni mo ro ìyókù. Nígbà tí mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru Judicaël lóṣù tó kọjá, ó ní, "Fòfó, ọwọ́ mi kọ́ ló kọ ọ́." Mo ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó burú jù. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà ìwé náà, mi ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni nílé. Ṣé ẹ wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí? Àfi bí mo ṣe rí Ìyá Asma tí wọ́n ń wọlé, mi ò mọ ẹni tó sọ ọjọ́ náà fún wọn títí dòní. Àwọn nìkan ló wọ takisí láti Kétu, wọ́n wọ léèsì tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó Asma, wọ́n gbé iṣu gbígbóná sínú abọ́ onídèérí. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń mi orí. Nígbà tó yá, alága dìde. Ó ní kí a tó parí, kí gbogbo ilé dúró fún ìṣẹ́jú kan ní ìrántí olóògbé Bàlíkìsì. Ó pe orúkọ náà bí àwọn Faransé ṣe ń pè é, ó fi imú pè é, ẹni tó ni ín ò dá a mọ̀. Gbogbo èèyàn dìde. Ìyá Asma náà dìde. Wọ́n wo ojú àwọn èèyàn, wọ́n mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń dúró fún, wọ́n bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rí wọn. Ìṣẹ́jú kan gùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo lè la ẹnu. Mo lè sọ pé ẹni náà rè é. Orí ni mo tẹ̀ ba, èmi náà ń ṣọ̀fọ̀.

Níta, bí mo ti ń jẹ iṣu wọn, wọ́n ní, "Mùnírù, òkú ta ni wọ́n dìde fún?" Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni. Wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ka fàtíhà fún un." Mo sì gbé iṣu yẹn mì.

Wọ́n ní kí n fún wọn ní ẹ̀dà kan nínú ìwé tí mo kọ náà kí wọ́n fi sínú àpótí aṣọ. Mo fún wọn, torí mo mọ̀ pé wọn ò lè kà á, Asma sì wà ní Párákú nígbà náà. Nígbà tí Asma dé, ó kà á fún wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣí i. Asma ló sọ ìyókù fún mi. Nígbà tó dé ibi olóògbé, wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé ara mi ni mo wá ka fàtíhà fún?"

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá pè wọ́n, wọn kì í jẹ́ mi. Wọn ò bú mi, wọn ò fẹjọ́ mi sun ẹnì kan nínú yín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo pè wọ́n títí ohùn mi há, wọ́n ń yan gààrí lọ. Asma ló jẹ́ iṣẹ́ wọn fún mi: "Sọ fún un pé òun ló ní mo kú. Ṣé ó ti rí òkú tó ń jẹ́ni rí?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo padà sí Kútọnu, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Sidonie lójúkojú. Wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ mi, kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ kàwé nílùú ńlá, ẹ má fojú kéré ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀gẹ́. Mi ò ní ìmọ̀ràn míì ju ìyẹn lọ.

Asma, ìwọ ni mo ní kó ka èyí, nítorí ẹnu rẹ ni wọ́n ti gbọ́ tàkọ́kọ́. Lẹ́nu ọ̀nà níta ni mo wà bí o ti ń kà á. Ìyá Asma, ọwọ́ mi pè mí, mo sì ti jẹ́ ẹ níwájú gbogbo èèyàn: èmi rè é, èmi ni mo ṣe é. Ẹ kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Bí Asma bá ti ká ìwé yìí pọ̀, màá tún pè yín láti ìta níbí. Bí ẹ kò bá jẹ́ mi lónìí, màá tún wá pè yín lọ́la.