Igi Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

"Ìdáyátù, ti ilẹ̀kùn. Òtítọ́ kan há mi lọ́nà ọ̀fun láti ọdún 1984. Bí n kò bá tú u sílẹ̀ lónìí, yóò bá mi dé sàréè."

Sùlàímọ́nù ọkọ rẹ̀ ti rù kan eegun, àwọn ará mọ́ṣáláṣí Mpape sì ń dúró níta láti kí i. Ìdáyátù ti ilẹ̀kùn. Ó rò pé ìyàwó kan ni bàbá yìí fi pamọ́ sí Nyanya. Ì bá sàn ká ní ìyàwó ni.

"O rántí oko igi páìnì tí èmi àti Sàkáríyà àbúrò rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò wọ abẹ́ èèpo àwọn igi kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọ́n á fò lọ bá igi mìíràn. Ọ̀gá ní ká gé àwọn igi náà, ká sun wọ́n tèèpotèèpo kí òjò tó dé. A gé wọn tán, ni ibà bá dá Sàkáríyà dùbúlẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mo fi igi tèmi sí yín lọ́wọ́.' N kò sun ún. Ojú mi wọ igi tó gùn gbọọrọ. Mo kó o wá síbí, n kò bó èèpo rẹ̀, mo fi kan òrùlé tó wà lórí wa yìí."

Ìdáyátù gbójú sókè wo òrùlé bí ẹni tí kò rí i rí.

"Òjò rọ̀, kòkòrò fò láti ilé wa padà sínú oko. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, igi ti kú lọ rẹpẹtẹ. Ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì fi Kùránì búra pé a sun ún. Sàkáríyà ní bàbá yín kìlọ̀ pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ fi Kùránì búra, ì báà jàre. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ìkà ni mí, Ìdáyátù. Èmi búra. Mo ní, 'Igi tó wà lọ́wọ́ mi, iná ti jó o.'"

"Ẹ sì mọ̀ pé irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́, ohun tó burú jù nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fọwọ́ ara mi mú ẹyọ igi kan wá fún ọ ní ìdí ààrò. Mo dúró tì ọ́ títí o fi fi se àṣáró tán, kí n lè rí ohun tí n ó fi búra."

Ìdáyátù rántí ẹ̀fín dúdú tó ń kó sí i lójú, àti bí inú rẹ̀ ṣe dùn pé ọkọ òun wá dúró ti òun. Iná tí òun fẹnu ara òun fẹ́ ló jó ọmọ ìyá òun. Wọ́n lé Sàkáríyà níṣẹ́. Nígbà tó wá dágbére, òun Ìdáyátù kò dáhùn sálámà rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn ìlú wọn, títí di òní, Asá-fún-Kùránì ni wọ́n ń pè é.

"Dárí jì mí," Sùlàímọ́nù bẹ̀bẹ̀. "Kó mọ sáàárín àwa méjèèjì."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì, Ìdáyátù kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Ó dìde, ó pe Àfáà àti gbogbo àwọn tó ń dúró wọlé. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó kọjú sí i.

"Ìwọ Sùlàímọ́nù, tún un sọ. Ojú èrò lo ti búra."