Mo Yí Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Ọkọ Mi Padà Nítorí Mọ́tò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á tán. Mo parọ́ mọ́ òkú. Ọkọ mi ni òkú náà, ọmọ wa ni mo sì parọ́ ọ̀hún fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mọ́ra, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé yìí.

Tíṣà ni mí ní Ọ̀fà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni ọkọ mi náà. Mọ́tò kékeré kan báyìí ló ń wà títí ó fi kú, èyí tó jẹ́ pé tí a bá ń gun òkè, àwọn ọlọ́kadà á máa yà wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò tó lágbára bá ń kọjá, ọkọ mi á dúró lójú títì, á máa wò ó títí kò fi ní rí i mọ́. Á ní, "Ìyá Gbénga, ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún?"

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, tó kù díẹ̀ kó lọ, ó di ọwọ́ mi mú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí Gbénga bá ríṣẹ́, tó fẹ́ ra mọ́tò, má dí i lọ́wọ́. Jẹ́ kó ra èyí tó lágbára, èyí tó wù ú. Kó bá mi wà á."

Mo ní mo gbọ́. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Gbénga ríṣẹ́ báńkì lẹ́yìn tó sìnrúùlú tán. Kò tíì ní mọ́tò rí. Ó wá sọ fún mi pé òun ti rí tòkunbọ̀ dúdú kan, V8, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára gan-an, kí n wá bá òun wò ó. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ tà á ṣíná sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Àwọn adìyẹ tó wà nítòsí tú ká. Mo wo ojú ọmọ mi. Ojú baba rẹ̀ gan-an ni mo rí.

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní pírámárì, tó dàgbà tán tó ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, tí eré sísá sì gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà Ìlọrin. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ohùn obìnrin náà ni mò ń gbọ́ bí mọ́tò dúdú yìí ṣe ń dún.

Mo bẹ Gbénga pé kó kọ́kọ́ fi kékeré mọwọ́. Ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní sáré." Nígbà tí mo rí i pé mi ò ní borí, mo lanu, mo ní, "Gbénga, kí baba rẹ tó kú, ó ní o ò gbọdọ̀ ra mọ́tò tó lágbára. Ó ní kékeré ni kó o máa wà."

Mo rò pé á jiyàn. Ó kàn ní, "Daddy sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mummy. Mo ti gbọ́, Daddy." Kò bèèrè ìdí. Mi ò rí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ rí. Mo lè sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ ọ́.

Kékeré ló rà. Ó ń ròyìn ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ káàkiri. Àlùfáà ìjọ wa gbọ́, ó fi ṣe wàásù. Gbogbo ìjọ ṣàmín. Èmi náà ṣàmín.

Rafiu, ọ̀rẹ́ Gbénga láti kékeré, ló ra mọ́tò dúdú náà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mò ń retí ìròyìn burúkú, kí n lè rí àwíjàre. Ìròyìn burúkú kankan ò dé.

Lọ́dún tó kọjá, Rafiu rí mi níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, ó ní kí n wọ mọ́tò dúdú náà, òun ń lọ sílé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. A bá tírélà kan tó ń wọ́ lọ lórí òkè. Rafiu yẹ iwájú wò, ó fẹsẹ̀ tẹná díẹ̀, mọ́tò náà sì gbé wa kọjá bí ẹni gbé ìkókó. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Mo pe Jésù, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí, ẹnu ló yà mí. Lẹ́yìn náà, ó padà sí jẹ́jẹ́ tó ń rìn tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò máa sáré lọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, mo mọ̀ pé agbára ń bẹ níbẹ̀. Ìyẹn ti tó mi."

Mo kọjú sí fèrèsé kó má bàa rí omijé mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọkọ mi ń wò, tó kú láìfọwọ́ kàn án.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Fúnmi, àbúrò Gbénga, náà ní òun fẹ́ ra mọ́tò, èyí tó lágbára. Gbénga ní rárá, òfin Daddy ni. Fúnmi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yìí ò jọ Daddy." Ó yíjú sí mi. "Mummy, ṣé Daddy sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Fúnmi wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ baba rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ọ̀dọ́ fi mọ́tò tó lágbára bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù mi tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi ni, ẹnu ara mi ló yẹ kí n fi sọ ọ́.

Mo fẹ́ pè wọ́n jókòó kí n jẹ́wọ́. Tí Gbénga bá bínú, mo gbà. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ó lè má bínú rárá, kó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbójú sókè wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀.