Géètì Tí Mo Ṣí Nílé Ẹni Tó Gbà Mí Lálejò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, nínú ilé wọn ní Lake Highlands, ní Dallas níbí. Ó rò pé mo fẹ́ ránṣẹ́ sílé lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Sátidé.

Àkọ́bí mi ni bàbá ọmọ tó ń kọ̀wé yìí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, lápá ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, níbi tí ilé ti jìnnà sí ilé, ó lọ kọlu màlúù láàárín títì. Ó kú. Ẹnì kan ni ò ti géètì oko màlúù.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n lọ sin ín, wọ́n fi mí sílé. Mo jókòó sórí àga, mo ń wo ògiri. Ká ní mo sunkún lẹ́bàá sàréè yẹn, bóyá ìbínú náà ìbá bá omijé lọ. N kò mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ojú ibi tí ọmọ mi kú sí. Ẹni tó ni màlúù jáde sí wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, Onímàlúù la máa ń pè é nílé. Ó ṣí fìlà, ó ń sunkún. Ọmọ ọmọ mi yìí ń túmọ̀ fún mi, ó ní òun lòun ò ti géètì. Ó ní látìgbà tí àwọn baba ńlá òun ti fi ìbọn gba ilẹ̀ yẹn, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn.

Ará ilé ní, "Ẹ lọ, bàbá. Ògiri yìí náà á simi." Mo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìsinmi ni mo bá lọ. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe ń dunni.

Ọdẹ ni mí nílé. Ọdẹ tó gbọ́n kì í lé ẹran, ọ̀nà omi rẹ̀ ló máa ń mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó níwájú ilé wọn. Mo mọ ìgbà tí màlúù ń lọ mu omi. Mo mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Gbogbo ìgbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ń se ìrẹsì fún mi. Ó rí i pé eyín mi ò pé, ó máa ń sè é títí á fi rọ̀. A ò gbọ́ èdè ara wa. Á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ láti bi mí bóyá ó rọ̀ tó. Èmi náà á fọwọ́ kan tèmi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nírọ̀lẹ́, mo ṣí géètì tó kọjú sí títì. Mo padà sórí àga mi.

Ọmọ yẹn kọ́ ló ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ló gbé mọ́tò rẹ̀ jáde. Ìrẹsì ló tán nílé. Màlúù ti dé ojú títì, ó lọ kọlu ọ̀kan. Obìnrin náà ò kú, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́. Orí àga onítáyà ló wà títí dòní.

Onímàlúù ní òun náà ni ò ti géètì, lẹ́ẹ̀kejì. Kò tiẹ̀ bi mí. Ta ni á fura sí àlejò tó hu ewú? Ó ta gbogbo màlúù rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday ó máa ń pè mí lórí fóònù, ọmọ yìí á máa túmọ̀. Màá ní kó sọ fún un pé kó yé dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọmọ yìí á sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń purọ́.

Ní Sunday tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi ìyàwó òun sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá sún mọ́ òun ló ń fara pa. Ó ní àwọn méjèèjì á wá kí mi ná, kí n gbọ́wọ́ lé òun lórí.

Ọmọ yìí ti dáwọ́ ìwé dúró. Ó ní, "Grandpa, wait." Ó wá bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé òun lòun ń bá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ." Kò wo ojú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu rẹ̀ ni ẹnu tí mo ní nílùú yìí. Ṣé kí n ní kó bá mi sọ eléyìí náà? Àbí kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú àga obìnrin yẹn, kí n fọwọ́ júwe bí èèyàn ṣe ń ṣí géètì, kí n wá fọwọ́ lu àyà ara mi? Ẹ bá mi dá sí i kó tó di Sátidé.

Obìnrin náà ti ránṣẹ́ pé ká má dáná. Ó ní òun ń gbé ìrẹsì mi bọ̀.