"Ma" Tí Kò Lámì

Mi ò jókòó! Gbé àga yẹn kúrò níwájú mi, mo ti rí àga tó láyé mi. Ìwọ lọ́yà, jókòó ní tìrẹ kí o gbọ́. Àná ni wọ́n yọ àga kúrò nídìí ìyá wa. Ìyá tó bí èmi tó bí ọ! Ọkùnrin mẹ́ta, ìwé kóòtù lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé Màmá jù sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì gbé àga lọ. Àga tí mo fọwọ́ ara mi jó irin rẹ̀ pọ̀!

Kí lo wí? Èmi ni mo fà á? Háà, ayé mà le o.

Jẹ́ kí n sọ tán. Orúnkún Màmá ti kú láti ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo ń yà, orí ìjókòó lo máa ń bá wọn, o ò mọ ẹni tó ń gbé wọn dìde. Èmi ni! Ẹ̀yìn fẹ́ kán mọ́ mi lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ronú àga tó máa ń ti èèyàn dìde fúnra ẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ti ṣe irú ẹ̀ rí, pé wọ́n ti gba pátẹ́ǹtì lé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe é bíi tiwọn láìgbàṣẹ. O ní ká lọ tọrọ ìyọ̀ǹda, ká máa sanwó lórí àga kọ̀ọ̀kan, tàbí ká wá ọgbọ́n míì tí ìwé wọn ò kàn. Ṣé mo purọ́ mọ́ ọ?

Ṣé mo ṣorí kunkun? Méjì ni mo ṣe. Ọ̀kan ní sípíríǹgì lábẹ́. Èkejì ò ní, àpò iyanrìn ni mo so kọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Bí àpò ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó ń gòkè. Kò lẹ́wà o, ariwo ẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé Màmá! Mo ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ, mo ní bá mi ka ìwé àwọn èèyàn yìí, ṣé mo lè lo sípíríǹgì? Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè. O wà ní ìpàdé. Ìpàdé ṣáá! Ìgbà tó yá lo wá tẹ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré: "E ma lo sipiringi yen."

Òun nìyí. Kà á sókè! Ìwọ kà á sí "ẹ má lo." Èmi kà á sí "ẹ máa lo." Àmì dà? Ọmọ tíṣà! Ìyá tó ń fi rúlà na ìka wa torí àmì ohùn, o ti gbàgbé? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà, o tún dá mi lóhùn, o ní "ko tope."

Inú mi dùn, mo gé àga oníyanrìn sí wẹ́wẹ́, mo fi irin ẹ̀ kún ti onísípíríǹgì. Mo ṣe méje, ti Màmá àti mẹ́fà tí mo fẹ́ tà. Ilé iṣẹ́ yẹn bá pè wá lẹ́jọ́, wọ́n kó méjèèje, wọ́n fi àgádágodo ti ìsọ̀ mi pa, ẹ̀rọ tí mo fi ń jórin wà nínú ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe òmíràn? Eyín?

Oṣù mẹ́ta kí kóòtù tó pè wá? Oṣù mẹ́ta! Láti àná, Màmá ò mu omi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní táwọn bá mu, àwọn á fẹ́ tọ̀, ta ló máa gbé àwọn? Òùngbẹ ń gbẹ ìyá wa nítorí ìtìjú! Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ hàn wọ́n. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àmì ẹ̀ dà?" Wọ́n bá kọjú sí ògiri.

Má bẹ̀ mí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nu ojú rẹ, mú bírò, kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, kí o sì fàmì sí gbogbo ẹ̀. Láti àárọ̀ ọ̀la lọ, aago mẹ́fà, èmi lọ́yà á máa wá gbé ìyá mi dìde. Máa ni mo pè o. Kì í ṣe má.