Itọ́ Tèmi Nínú Ìgò Màmá Òkukù

Irọ́ kan ti ń gbé ẹnu mi láti ọdún 1998; òní ni n ó tu ú síta fún gbogbo ayé. N kò ní dorí kodò sọ ọ́. Orí tí mo gbé sókè nígbà tí mò ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ náà ni n ó gbé sókè dá ara mi lẹ́bi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa rán èmi Ayọ̀mídé àti Tímótì, ẹlẹgbẹ́ mi, láti gba itọ́ àwọn àgbà ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ó ń wádìí bóyá itọ́ lè fi iná tó ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara hàn, irú èyí tó lè dá àìsàn ọkàn sílẹ̀ kí ènìyàn tó fura. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé a kò gbọdọ̀ gba itọ́ ẹni tó bá ti jẹ obì tàbí tó run orín láàárọ̀.

Ní Ìkìrun, Tímótì gba itọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ run orín. Lójú ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ti pariwo lé e lórí pé, “Irọ́ lo kó sínú ìgò!” Wọ́n lé e. Bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀, ó ní, “Ayọ̀, adájọ́ àgbà, kí Ọlọ́run má fi ìwọ náà sí ìdánwò o.” Mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sọ́dọ̀ Màmá Òkukù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí àyà máa ń fún bí wọ́n bá ru ẹrù. A kì í fọwọ́ òfìfo kí àgbà. Mo gbé obì lọ. Kí n tó ṣàlàyé, wọ́n ti pa á, wọ́n ti ṣúre, wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n tu itọ́ pupa sínú ìgò. “Gbà, ọmọ sáyẹ́ǹsì. Ṣé ẹ kò ní lọ fi se ọbẹ̀ ní yunifásítì?”

Ó yẹ kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ń dúró dè mí ní Inísà. Èmi tí mo dójú ti Tímótì, ta ni n ó sọ fún pé ọwọ́ mi ni mo fi gbé obì lọ? Mo yà sẹ́yìn ilé, mo kọ orúkọ wọn sí ìgò mìíràn, mo sì tu itọ́ tèmi sí i. Aláìmọ̀kan ìbá ní àwáwí. Èmi mọ ohun tí mò ń ṣe.

Èsì jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “Ara màmá yìí dá bí ti ọ̀dọ́.” Ẹnu mi yìí ni mo fi jẹ́ iṣẹ́ náà fún Màmá! Inú wọn dùn, wọ́n pa oògùn dókítà tì, wọ́n tún ń ru ẹyìn láti oko Ìgbayè. Mo rí wọn, mo dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti burú jù. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣubú sójú ọ̀nà, ẹyìn fọ́n ká. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé ìkòkò omi mọ́.

Nígbà náà, mo ti di àtúnbí ní ìsọjí kan ní Inísà, síbẹ̀ àdúrà kò gba ẹnu mi jáde. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Òkukù, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n ní, “Àṣé itọ́ rẹ ni mo fi ń yọ̀? Dìde, bu omi wá.” Wọ́n fọ ẹnu wọn. “Ìgò dà? N kò jẹ obì láti àárọ̀.”

Mo gbé ìgò náà tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Èsì rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ti Màmá Òkukù ni. N kò gbé ohun tó yẹ láti fi yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Tímótì, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìwé ń gùn, ẹ má fi ara líle yín jẹ́rìí fún ara ẹni tó ń kú lọ.