Ayàwòrán tó fi ìmọ́lẹ̀ pamọ́

Bí a ti ń dúró kí takisí Parakú kún ní Ṣábẹ̀ẹ́, ayàwòrán kan tó jókòó níwájú mi ń sọ fún ìyá aránṣọ kan nípa ìgbà àkọ́kọ́ tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fọ́tò yíyà.

"Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ní kí n fi kọ́ wọn, ìyá! Ọdún mẹ́ta ni ọmọ iṣẹ́ fi ń sìn mí kó tó mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ wọn bí a ti ń di kámẹ́rà mú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo fi pamọ́."

"Ìmọ́lẹ̀ kẹ̀? Kí ló wá kù nínú fọ́tò?"

"Ṣé kí n kọ́ wọn tán, kí wọ́n ṣí ìsọ̀ tiwọn kọjú sí tèmi?"

Ìmọ́lẹ̀ nìkan! Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi ní ìṣirò. Nígbà tí ìdánwò dé, ọmọ tirẹ̀ nìkan ló yege.

"Fọ́tò wọn wá ńkọ́?"

"Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́la ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú."

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Ó wúkọ́. "Tèmi. Èmi ni olùkọ́ wọn."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún yìí á ti mọ iṣẹ́ rẹ."

Ó wo ojú ọ̀run, ó sì ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀kalẹ̀, ìyá. Oòrùn ò tíì wọ̀."